Ẹ̀tù Tí Ń Jó, Ẹ̀tù Tí Ń Bú: Ohun Tí Ọmọ Kan Mú Wá Béèrè Orúkọ Rẹ̀

Ìlérí tí mo ṣe nígbà tí a pàdé níbí kẹ́yìn ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ la ó tún gbé yẹ̀ wò. Ẹ forí jì mí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Olúpọ̀nnà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi lè wà lórí gírámà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá kí mi rí mọ̀ pé àpáta pọ̀ ní agbègbè wa. Láti Ìwó títí dé Olúpọ̀nnà, Kúta àti Ilé-Ogbó, ẹni tó bá gbẹ́ kànga yóò sọ fún yín pé kò pẹ́ tí òun fi bá òkúta. Ilé iṣẹ́ kan wà tí ó ń fọ́ àpáta, ó tó ìwọ̀n kìlómítà méjì sí ilé mi. N kò ní dárúkọ wọn. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, a máa ń gbọ́ fèrè wọn, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á mì, ariwo á sì tẹ̀lé e. Ìyá alákàrà tó kọjú sí ilé mi á ní, "Wọ́n tún ti ju bọ́ǹbù wọn o." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ó parí nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ládùúgbò, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa kó ohun tó bá rí wá fún mi, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo fi jẹun. Ó ní, "Bàbá Prof, kí ni wọ́n ń pe èyí?" Ohun tí ó mú dání jẹ́ okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pupa bí ọsàn tó pọ́n. Ní ìdí okùn náà ni ọ̀pá irin kékeré kan wà, tó ń dán, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ní inú òkúta tí tírélà wá dà sí ojú ọ̀nà wa ni òun ti rí i.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo fi èékánná họ ọ́ lára. Mo gbé e sún mọ́ ojú kí n lè ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lára rẹ̀. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan dì mú, mo gbé e lé orí tábìlì ìkọ̀wé mi, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú yín, ẹnjiníà kúárì, ẹni tó jókòó sí kíláàsì Yorùbá mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ àfikún nígbà tó wà ní yunifásítì. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí fóònù mi fi dún.

"Bàbá, ẹ káàsán sà. Níbo ló wà báyìí?"

Mo ní orí tábìlì mi ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pe ọlọ́pàá. Ohun tó máa ń dá ẹ̀tù kúárì sílẹ̀ nìyẹn. Kò tíì yìn."

Àwọn ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, wọ́n sì gbé e lọ. Ọmọ náà ò mọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀. Èmi mọ̀, n kò sì rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi tí mo ní oyè ọ̀mọ̀wé, tí mo sì fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ ènìyàn pé orúkọ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀, èmi náà ni mo ń fi èékánná họ ikú lára. Nígbà tí ẹnjiníà wa wá kí mi, mo ní kí ó jókòó, kí ó di olùkọ́, kí n di akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àti èyí tí mo kà kún un, ni mo fẹ́ là yé yín lónìí.

Orúkọ tí a ń pè é

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti mọ ọ̀nà. Yorùbá ní ẹ̀tù. Ẹ ṣọ́ ohùn o: ẹtu ni ẹran ìgbẹ́, ẹtù ni aṣọ òkè aláró, ẹ̀tù sì ni èyí tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn ṣakabùlà. Ẹ̀tù kì í ṣe àjèjì sí wa. Ogun Kírìjì tí àwọn baba wa jà láti 1877 títí di 1893, láàárín àwọn òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí, ìró ìbọn ńlá tí àwọn òkè ń gbọ́ tí wọ́n sì ń dá padà ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ: kí-rì-jì. Etí wa ti mọ ariwo ẹ̀tù tipẹ́.

Lẹ́yìn náà ni a ní àdó olóró. Àdó ni akèrègbè kékeré tí àwọn àgbà ń kó oògùn sí. Nígbà tí ogun àgbáyé mú ohun tí ń já bọ́ láti ojú òfuurufú dé etígbọ̀ọ́ wa, a fi àdó yẹn ṣe àpèjúwe rẹ̀: ohun kékeré tí oró pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Bọ́ǹbù sì tún wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àdó olóró àti bọ́ǹbù, ohun ìjà ni àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń lò ní kúárì kì í ṣe ohun ìjà. Irinṣẹ́ ni, bí ọkọ́ àti àdá ti jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló wá kàn wá nínú orúkọ. Ó kàn wá gan-an ni. Ọmọ yẹn ti ń gbọ́ "bọ́ǹbù" láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Bọ́ǹbù tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni èyí tó ń rí nínú fíìmù, ohun ńlá tó rí roboto, tí iná ń jó nídìí rẹ̀. Okùn ọlọ́sàn àti irin tó ń dán kò jọ bọ́ǹbù, nítorí náà ẹ̀rù kò bà á. Orúkọ tí a fi ń ṣàwàdà kò kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó sá fún. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ̀tù kúárì ni n ó máa pè é.

Jíjó yàtọ̀ sí bíbú

Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀tù ọdẹ àti ẹ̀tù kúárì. Igi ń jó, epo ń jó. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá fọ́ lójijì pẹ̀lú ariwo, a ní ó bú gbàmù. Ìyàtọ̀ náà gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi pín ẹ̀tù sí ọ̀nà méjì.

Ẹ̀tù ọdẹ, jíjó ló ń jó. Iná ń gba ara hóró kan bọ́ sí ara èkejì. Bí ẹ bá dà á sílẹ̀ gbalasa, ó kàn ń jó fìrì ni. Ìgbà tí wọ́n bá há a mọ́ inú ìbọn ni èéfín rẹ̀ kò ríbi gbà, tí yóò fi ti ọta jáde.

Ẹ̀tù kúárì kì í dúró de iná. Ìgbì kan, ìyẹn títì tó lágbára lọ́nà àrà, ló ń la inú rẹ̀ kọjá, ibi tí ìgbì náà bá sì ti dé, ibẹ̀ ti di èéfín gbígbóná lójú ẹsẹ̀. Ariwo ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́. Ìgbì inú ẹ̀tù tí wọ́n ń lò jù ní kúárì lè rin mítà 3,000 sí 5,000 láàárín àkókò kan náà. Ká ní ẹ to irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ láti ẹnu góòlù kan dé èkejì ní pápá bọ́ọ̀lù, kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti bú tán.

Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe fún àpáta. Àkọ́kọ́, ìgbì náà máa ń sán àpáta, ìlà wínníwínní á gba gbogbo inú rẹ̀. Èkejì, èéfín tó ti há mọ́ inú ihò á wọ inú àwọn ìlà wọ̀nyẹn, á sì ti àpáta síwájú. Bí ẹni tó fi àáké sán igi ńlá, tó wá ki èèkàn bọ ojú ibi tó sán láti fi là á ni. Bí ẹ̀tù bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, àpáta kì í fò lọ sí ojú ọ̀run. Wíwó ni yóò wó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òkúta tó ń fò káàkiri jẹ́ àmì pé wọ́n kò ṣe é bó ṣe yẹ.

Kí ẹ̀tù yìí tó dé, iná àti omi ni àwọn èèyàn fi ń fọ́ àpáta. Wọ́n á dáná sórí rẹ̀ títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á da omi tútù lé e, àpáta á sán. Títí di òní, ẹ ó rí àwọn tó ń jó táyà lórí òkúta nítorí èyí, tí èéfín dúdú ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí àwọn ìyá àti ọmọ á sì jókòó ti òòlù láti sọ ọ́ di wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ oṣù mélòó kan lọ́nà yẹn, ẹ̀tù lè ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Bí wọ́n ṣe tu ú lójú

Ní 1847 ni ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Ascanio Sobrero, ṣe nitroglycerin, omi tó jọ òróró, tó sì lágbára ju ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Ẹ̀rù ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ba Sobrero, torí pé mímì lásán lè mú kí ó bú. Alfred Nobel, ọmọ Sweden, ló gbé e lọ sójà. Ní 1864, ilé iṣẹ́ wọn ní Stockholm bú, àbúrò rẹ̀ Emil sì wà lára àwọn tó kú. Nobel kò yé wá ọ̀nà. Ní 1867, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun kan tó rọrùn láti ṣàlàyé: ó po omi burúkú yẹn mọ́ irú ilẹ̀ funfun kan tó ń fa omi bíi kànrìnkàn. Ó di ohun tí èèyàn lè dì mú, tó lè gbé láìsí pé ó bú lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí agbára ni ó mú, ó sì pè é ní dynamite, èyí tí a sọ di dánámáìtì.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tó ṣe ló kan ìtàn wa. Ẹ̀tù tí kì í tètè bú yóò nílò ohun tí yóò jí i. Nobel ti ṣe ọ̀pá irin kékeré kan tí wọ́n rọ ẹ̀tù oníkanra díẹ̀ sí nínú. Bí ọ̀pá náà bá bú, títì rẹ̀ ni yóò jí ẹ̀tù ńlá. Detonator ni wọ́n ń pè é. Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí: òun ló wà lórí tábìlì mi.

Lónìí, dánámáìtì ti ń di ohun àtijọ́. Èyí tó gbòde ní kúárì ni àwọn ẹ̀tù tí wọ́n ń fi ammonium nitrate ṣe, èròjà kan náà tó wà nínú àwọn ajílẹ̀ kan. Wọn kì í tètè bínú. Ẹni tó bá gbé àpò wọn lè máà rí ohun ẹ̀rù kankan lára wọn. Ẹnjiníà wa fi àpèjúwe kan yé mi: "Bàbá, ajá ńlá tó ń sùn ni ẹ̀tù. Detonator ni ọmọ ajá tó ń gbó kiri. Ọmọ ajá yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣọ́ra fún." Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní wọn kò gbọdọ̀ kó àwọn méjèèjì sí yàrá kan náà.

Ọjọ́ kan ní kúárì

Ó mú mi lọ wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ mìíràn. A dúró sí òkèèrè, a dé akoto. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí.

Ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ ń lu ihò sí ara àpáta, wọ́n á tò wọ́n ní ìlà bí ebè. Wọ́n wọn àyè tó wà láàárín ihò kan àti èkejì, nítorí tí wọ́n bá jìnnà jù, òkúta á ṣẹ́kù ní gànmùgànmù. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, agbára á ṣòfò. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń pè ní blaster, ni ó máa ń kó ẹ̀tù sínú ihò, tòun ti detonator rẹ̀. Wọn kì í kún ihò dé ẹnu. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń dí òkè rẹ̀, kí èéfín má bàa sá jáde láìṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń de ìkòkò tí a kò fẹ́ kí ooru rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n so gbogbo okùn pọ̀. Okùn ọlọ́sàn tí ọmọ wa rí, ihò ló wà nínú rẹ̀. Ara ihò náà ni wọ́n fi ẹ̀tù lẹ́búlẹ́bú bíńtín kùn. Bí wọ́n bá yìn ín, ìgbì yóò sáré gba inú rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní fa okùn náà ya. Sweden náà ni ọgbọ́n yìí ti wá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò lo iná mànàmáná. Èyí tó ń lo iná mànàmáná ni ààrá tàbí ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́, bíi tẹlifóònù alágbèéká, lè kó bá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká pa fóònù.

Wọn kì í yin gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Detonator kọ̀ọ̀kan ní ìdádúró tirẹ̀, ìwọ̀n ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ìlà iwájú á kọ́kọ́ bú, á ṣí àyè sílẹ̀, ìlà ẹ̀yìn á tẹ̀lé e. Etí wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmọ́ ilẹ̀ mọ̀ ọ́n: dípò kí gbogbo agbára náà lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á ní díẹ̀díẹ̀.

Fèrè dún. Gbogbo èèyàn kúrò. Fèrè tún dún. Blaster kà sẹ́yìn, ó yìn ín. Mo rí ojú àpáta tó wú díẹ̀, tó sì wó lulẹ̀ bí ògiri alámọ̀ tí òjò pa, eruku gba gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ariwo tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Ẹnjiníà wa ní, "Rárá sà, ibi tó ṣòro jù la dé yìí." Wọ́n dúró kí eruku àti èéfín lọ, nítorí èéfín ẹ̀tù tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ májèlé ni. Blaster wá nìkan wọlé. Ó ń wò bóyá ihò kan wà tí kò yìn. Ihò tí kò yìn ni ewu tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, torí pé ẹ̀tù àti detonator rẹ̀ ṣì wà láàyè lábẹ́ òkúta. Àfi tó bá yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán ni fèrè ìkẹyìn tó lè dún pé ó ti tó wọlé.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí ohun yẹn ṣe dé ilé mi. Níbì kan, lọ́jọ́ kan, ihò kan kò yìn, ẹni tó yẹ kó rí i kò sì rí i. Katakata kó òkúta, ó kó detonator mọ́ ọn. Tírélà gbé e, ó wá dà á sí ojú ọ̀nà wa láti fi dí kòtò. Ọmọ náà kò rìn lọ sí kúárì. Kúárì ló wá bá a nílé.

Ilẹ̀ tó ń mì, ògiri tó ń sán

Àwọn aládùúgbò mi máa ń ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ju "bọ́ǹbù": ilẹ̀ á kọ́kọ́ mì, lẹ́yìn náà a ó gbọ́ ariwo. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Inú àpáta ni ìgbì ti ń yára jù, ó lè ju mítà 4,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹsẹ̀ wa á mọ̀ kí etí wa tó gbọ́. Ní ilé mi tó jìnnà tó kìlómítà méjì, ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kí ariwo tó tẹ̀lé títì. Ẹ lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta fún kìlómítà kan.

Ṣé òun ló ń sán ògiri wa? Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè máà jẹ́ òun. Ilé alámọ̀ tàbí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀ lè sán nítorí oòrùn àti òjò nìkan. Fèrèsé tó ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń ti í. Ọ̀nà kan wà láti mọ òótọ́: ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe mì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "kò sí nǹkan kan" dá yín lóhùn. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá. Ẹ ya fọ́tò ògiri yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́ sí i.

Àkúrẹ́ àti Bódìjà

Títí dé ibí yìí, ohun tí mo ń sọ ni ẹ̀tù tó wà níbi tó yẹ kó wà. Ìtàn méjì tó ba ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rù jù láìpẹ́ yìí kì í ṣe ti kúárì rárá.

Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, 2020, ohun kan bú lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ó gbẹ́ kòtò ńlá sí àárín títì, ó wó ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́. Gómìnà ìgbà náà, Rótìmí Akérédolú, ṣàlàyé pé ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀tù lọ sí ibi ìpamọ́ ní ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí ni. Wọ́n rí èéfín lára rẹ̀, wọ́n gbìyànjú láti pa iná náà, kò kú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ mìíràn gbòde pé òkúta láti ojú ọ̀run ló já bọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gba èyí gbọ́ ju ti ọkọ̀ lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí a kò mọ̀ pé ó ń gba iwájú ilé wa kọjá, ojú ọ̀run la máa ń wò nítorí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Kìíní, 2024, Bódìjà ní Ìbàdàn bú. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun tí ìwádìí kọ́kọ́ fi hàn ni pé àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ ló kó ẹ̀tù pamọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Àwọn èèyàn kú. Ẹni 77 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó fara pa. Ilé tí èèyàn ń sùn sí ni o, tí aládùúgbò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ ra búrẹ́dì.

Ẹ ó bi mí pé, ṣebí mo ní ẹ̀tù yìí kì í tètè bínú? Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá wà ní díẹ̀, tí iná kò sí nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jọ, tí iná mú un, tí ooru rẹ̀ há mọ́ ọn lára, ajá tó ń sùn yóò jí láìsí ọmọ ajá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté Beirut nìyẹn, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, 2020: tọ́ọ̀nù 2,750 ammonium nitrate tí wọ́n pa tì sínú ilé ìkẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí iná fi mú un. Ó lé ní igba èèyàn tó kú. Kò sí ogun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbàgbé ni.

Nítorí náà, kì í ṣe bí ẹ̀tù ṣe lágbára tó ló yẹ kó máa já wa láyà. Ó kàn nílò ohun méjì láti jẹ́ irinṣẹ́: àyè láàárín òun àti èèyàn, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, tí yóò ka iye tó jáde àti iye tó padà. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, bọ́ǹbù tí ìyá alákàrà ń pè é, bọ́ǹbù náà ni.

Òfin, àti ohun tí a lè ṣe

Òfin wà. Òfin ẹ̀tù ilẹ̀ wa ti wà láti 1964. Nínú ìwé òfin 1999, ẹ̀tù àti ìwakùsà wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ní àṣẹ lé lórí. Gómìnà tàbí ọba kò lè fúnni ní ìwé ẹ̀tù. Ìwé àṣẹ ní láti wà fún ríra rẹ̀, fún gbígbé e, fún ìpamọ́ rẹ̀ àti fún yínyìn ín. Òfin ìwakùsà ti 2007 sì ní kí ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ kúárì bá ìlú tó gbà á lálejò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Olúpọ̀nnà, ẹ̀yin ọmọ Ìwó, ẹ béèrè ìwé yẹn. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

N kò ní kí wọ́n ti kúárì pa o. Òkúta inú ilé tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ibẹ̀ ló ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti títì tí ẹ ń gbà wá kí mi. Wúrà tí wọ́n ń wà ní Segilola, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, inú àpáta ló wà, wọn kò sì lè fi ọwọ́ yọ ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju mẹ́rin lọ.

Ẹ wádìí ìtumọ̀ fèrè kúárì àdúgbò yín, nítorí ti ibì kan lè yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ẹ mọ èyí tó ń kìlọ̀, èyí tó ń sọ pé ó kù díẹ̀, àti èyí tó ń sọ pé ó ti parí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn ọmọ: ọ̀pá irin tó dà bí ìka, tó ní okùn tàbí wáyà aláwọ̀ nídìí. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n wò ó bóyá ó ti yìn tàbí kò tíì yìn. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá, kí wọ́n sá padà, kí wọ́n pe àgbàlagbà.

Kí àgbàlagbà náà má sì ṣe bíi tèmi. Kó fi ohun náà síbi tó wà, kó lé èèyàn sẹ́yìn, kó pe ọlọ́pàá.

Bí àpò tàbí páálí tí kò yé yín bá ń wọ ilé kan lóru ládùúgbò yín, tí àwọn tó ń kó o sì jẹ́ awakùsà, ẹ má sọ pé kò kàn yín.

Ọmọ yẹn tún wá lánàá. Ó ní òun ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí, ó sì pè é láìṣìnà: detonator. Mo ní, "Kí lo máa ṣe tí o bá tún rí i?" Ó ní, "Màá fi sílẹ̀, màá wá pè yín." Mo ní kó má wá pè mí, kó pe ẹni tó gbọ́n jù mí lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kúárì tàbí tí ẹ ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní Àbẹ́òkúta, ní Ìbàdàn tàbí ibikíbi, ẹ fi orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pe nǹkan wọ̀nyí ní Yorùbá ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kó wọn jọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òṣìṣẹ́ jáde máa ń sàn ju èyí tí a jókòó ṣe nínú yàrá lọ. Nígbà tí a bá tún pàdé, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ ni o. N kò ní yẹ̀ ẹ́ mọ́.